Aṣọ Eégún Lára Kọ́ḿbì

Ẹni tó mọ Kọ́ḿbì àtijọ́ rà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í kọ́kọ́ ṣí ẹ́ńjìnnì wò. Á rá wọ abẹ́ ọkọ̀, á máa fi òòlù kékeré kan irin ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Irin tó ṣì le á dún goro. Tó bá débi tí ìpáàrà ti jẹ, ohùn á kú, èérún pupa á sì dà sí i lójú. Bẹ́ẹ̀, ọ̀dà òkè ń dán yinrin.

Bọ́ọ̀sì Volkswagen yìí àti dáńfó Èkó, ọmọ ìyá ni wọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Jámánì lọ́dún 1950. Nígbà tó fi máa di 1951, ilé iṣẹ́ Westfalia ti ń to bẹ́ẹ̀dì sínú rẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ máa sun ojú ọ̀nà.

Omi àti atẹ́gùn ló ń sọ irin di ìpáàrà, iyọ̀ a sì máa mú un yá. Iyọ̀ gan-an ni wọ́n ń dà sójú títì lọ́hùn-ún nígbà òtútù, kí yìnyín má baà dì. Táyà á ta á sábẹ́ ọkọ̀, á wọ kọ̀rọ̀ irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, á jókòó síbẹ̀. Ìpáàrà a máa gba àyè ju irin tó jẹ lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀dà fi ń wú bí ìléròrò. Ìgbà tólówó ọkọ̀ bá fi rí i, inú ti jẹ tán.

Ló bá di iṣẹ́ wẹ́dà. Lọ́dún yìí, wọ́n á gé abẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n á jó tuntun mọ́ ọn. Lọ́dún tó ń bọ̀, ó kan ilẹ̀ ọkọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ibi tí bátìrì jókòó sí. Tí irin Jámánì kò bá wá kù síbẹ̀ mọ́ ńkọ́, ṣé Kọ́ḿbì yẹn náà ni?

Ìbéèrè yìí ti dàgbà. Plutarch, òǹkọ̀wé Gíríìkì àtijọ́, sọ nípa ọkọ̀ ojú omi Theseus, akọni inú ìtàn wọn, tí àwọn ará Athens ń pààrọ̀ pákó rẹ̀ bó ṣe ń jẹrà. Ní 1655, onímọ̀ ọgbọ́n orí Thomas Hobbes béèrè pé tẹ́nì kan bá ṣa pákó àtijọ́ jọ, tó fi kan ọkọ̀ mìíràn, èwo ni ojúlówó? Ìbéèrè náà gbọ́n, àmọ́ kò kan Kọ́ḿbì. Ta ni yóò ṣa ìpáàrà jọ? Wọ́n ti gbá a dà nù.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ìṣirò dán ọ̀rọ̀ Kọ́ḿbì wò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé iṣẹ́ DVLA, tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, fún ara ọkọ̀ ní máàkì 5, wọ́n fún ẹ́ńjìnnì tó ń pariwo bí ọ̀gá ní 1 péré. Nígbà náà, ọkọ̀ àtúnṣe tí kò bá ní 8 lápapọ̀ lè pàdánù nọ́ńbà rẹ̀.

Eégún ilé dáhùn dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún dé, ọmọ ilé á rán aṣọ tuntun lé èyí tó ti gbó, arán lórí àǹkárá, títí ẹnikẹ́ni kò fi ní rántí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rán. Tó bá jáde, oríkì kan náà ni wọ́n á kì í. Ohun tó mú un jẹ́ eégún ilé yẹn ni pé àwọn ọmọ ilé kò yéé rán an. Ká ní wọ́n gbé odindi aṣọ wá látọjà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Àmọ́ o, aṣọ eégún tó gbó kì í pààyàn. Irin tí wọ́n so bẹ́líìtì mọ́, tó bá jẹrà, ó lè pani.

Ìpáàrà kan tún wà tí kì í ṣe ti iyọ̀. Èèyàn méjì tó sùn sínú Kọ́ḿbì mọ́jú, èémí wọn á kan irin tútù, á di ìrì. Láàárọ̀, wọ́n á fi tówẹ̀lì nu gíláàsì, wọ́n á po tíì. Lẹ́yìn pátákó tí wọ́n fi bo inú ọkọ̀, níbi tọ́wọ́ kò tó, ìrì yẹn ṣì ń kán.