Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Lórí Àwo Orin Àtijọ́ àti Ọjà Gbàǹjo Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, mo sì ń fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọdún tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dájú, nígbà tí èmi fúnra mi sọ òkò sínú ọjà tí n kò ti lè rí ojú ẹnikẹ́ni.

Bàbá wa, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, fẹ́ràn orin púpọ̀. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n máa ń ra àwo Orchestre Poly-Rythmo ti Kútọnu àti ti Gnonnas Pedro, wọ́n sì máa ń ra ti àwọn alápàlà àti onísákárà láti Nàìjíríà. Lára àpò àwo kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi tàdáwà kọ orúkọ wọn sí, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n rà á. Lẹ́yìn ikú wọn, àpótí àwo náà jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ wọn ti bàjẹ́, ikán sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àpò wọn. Lọ́jọ́ kan, oníṣòwò kan tó ń lọ láti ilé dé ilé tọ ìyá wa wá. Ó ka àwo náà, wọ́n jẹ́ ọgọ́ta. Ó san 15 000 fáráǹkì, ó gbé gbogbo àpótí náà lọ. Inú ìyá wa dùn sí owó náà. Nínú àwa ọmọ, kò sí ẹni tó ní ohun kan láti sọ.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rẹ́ ìdílé wa kan ní Àjàṣẹ́ fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Àwo kan ni, tí wọ́n gbé sórí ọjà gbàǹjo íńtánẹ́ẹ̀tì ní Yúróòpù. Ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá wa hàn kedere lára àpò rẹ̀. Iye tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 40 yúrò. Mo dá iye tèmi. Ẹnì kan dúró sídìí rẹ̀ títí ó fi dé 65 yúrò, ó sì fi í sílẹ̀. Ẹlòmíràn dé, tí wọ́n fi àmì ìràwọ̀ bo orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi owó kún owó. Bí mo bá gbé e sókè, òun náà á gbé e sókè. Inú bí mi sí ẹni náà. Mo pè é ní olówó tó fẹ́ fi agbára gba ogún wa. Mo dúró ní 305 yúrò nítorí pé n kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ló gbà á ní 310, èyí tó lé ní 203 000 fáráǹkì tiwa.

Ní ọjọ́ kejì, àbúrò mi tó ń gbé ní Lyon pè mí. Ó ní: «Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi yọ̀! Mo ti ra ọ̀kan nínú àwo Bàbá padà. Òǹrorò kan ló fẹ́ gbà á mọ́ mi lọ́wọ́.» Èmi ni òǹrorò náà. Ọ̀rẹ́ wa ti fi àwòrán kan náà ránṣẹ́ sí àwa méjèèjì, kò sì sí èyí tó pe èkejì.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí irú ọjà yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Olùrà lè sọ iye tó ga jù lọ tí òun lè san fún ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà kò ní sọ ọ́ fún àwọn yòókù. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa fi kún owó fún un, nígbà tí ẹlòmíràn bá tún gbé e sókè nìkan. Nítorí náà, olùborí kì í san gbogbo iye tó wà lọ́kàn rẹ̀. Iye tí ẹnì kejì lè san ni ó ń san, pẹ̀lú ẹ̀kún díẹ̀. William Vickrey, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1996, ti ṣàlàyé láti ọdún 1961 pé irú ìlànà báyìí dára, torí pé ó máa ń ṣe ẹni kọ̀ọ̀kan láǹfààní láti sọ òtítọ́ nípa iye tí nǹkan jẹ́ lójú rẹ̀. N kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ wò: bí n kò bá sí níbẹ̀, nǹkan bíi 65 yúrò ni àbúrò mi ìbá san. Èmi ni mo di 245 tó kù lé e lórí. Ìfẹ́ tí ọmọ méjì ní sí bàbá kan náà ló di gbèsè fún ọ̀kan nínú wọn.

Ẹnì kan lè sọ pé ojú tí a kò rí ló fà á, pé nínú ọjà tiwa irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Bí a bá dé ìsọ̀ tí ẹlòmíràn ti ń ná ọjà lọ́wọ́, a máa ń dúró kí ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ná. Bí ó bá sì jẹ́ ará ilé wa, a ó yà fún un. Bí ọjà bá bọ́ sí i, ọlọ́jà a tún bu èènì lé e, láti fi hàn pé ènìyàn ni òun bá pàdé, kì í ṣe owó nìkan. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rọ kò ní ojú, kò sì ní èènì.

Síbẹ̀, n kò lè parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀, nítorí pé oníṣòwò ọjọ́sí jókòó lójúkojú pẹ̀lú ìyá wa, ó mu omi wa, kò sì sọ ohun tó mọ̀. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Soundway ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣa orin Poly-Rythmo jọ sínú àwo tuntun ní 2004, tí Analog Africa ti ilẹ̀ Jámánì sì gbé African Scream Contest jáde ní 2008, ni àwọn tó ń wá irú àwo bẹ́ẹ̀ ti ń pọ̀ sí i nílẹ̀ òkèèrè. Ó mọ èyí. Ìyá wa kò mọ̀ ọ́n. Ǹjẹ́ ó rẹ́ wọn jẹ?

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti ẹnu rẹ̀ náà. Ó lè ní ìmọ̀ òun ni ohun ìṣòwò òun. Ó rìn nínú òòrùn, ó ra ọgọ́ta àwo tí ó ṣeé ṣe kí àádọ́ta nínú wọn má níye lórí, ó fọ̀ wọ́n, ó tọ́jú wọn. Láìsí i, ikán ni ìbá jogún wọn. Mo gbà pé kò jẹ ìyá wa ní gbogbo èrè rẹ̀. Ohun tí mo rò pé ó jẹ wọ́n ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: «Ìyá, ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí lè níye lórí púpọ̀ ní òkèèrè.» Wọn ìbá ṣì lè tà á, ṣùgbọ́n wọn ìbá la ojú wọn tà á. Òṣùwọ̀n tí mo fi ń díwọ̀n irú òwò bẹ́ẹ̀ báyìí kò ṣòro: ǹjẹ́ olùrà lè padà wá sí ilé yẹn, kí ó jókòó sórí àga kan náà, kí ó sì sọ iye tí ó tà á láìtijú? Bí ó bá lè ṣe é, òwò ni. Bí kò bá lè ṣe é, ó mọ ohun tó fà á.

Ẹnì kan tún wà tí a kò dárúkọ: ẹni tó kọ orin náà. Láti ọdún 1920 ni òfin ilẹ̀ Faransé ti fún ayàwòrán ní ìpín nígbà tí wọ́n bá tún iṣẹ́ rẹ̀ tà. Àwo orin kò sí nínú irú òfin bẹ́ẹ̀. Nínú 310 yúrò yẹn, kò sí fáráǹkì kan tó dé ọ̀dọ̀ olórin tàbí àwọn ọmọ rẹ̀.

Àwa náà ńkọ́? Àpótí yẹn wà lọ́wọ́ wa fún ọ̀pọ̀ ọdún, a kò ṣí i. Ìgbà tí àlejò dá iye lé e, tí ẹlòmíràn sì ń du ú, ni ìfẹ́ wa jí. Mo bi ara mi bóyá àwo ni mo fẹ́ ni, tàbí kí ẹlòmíràn má rí i gbà. Òótọ́ rẹ̀ ni pé ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, n kò rántí bàbá wa mọ́. Ẹni àmì ìràwọ̀ yẹn nìkan ni mo ń rò.

Nígbà tí a sọ ìtàn náà fún ìyá wa, a rò pé owó tó sọ nù ni yóò dùn wọ́n. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní: «Kí ló dé tí ẹ kò pe ara yín?» A kò rí èsì fún wọn.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìwé yìí, ó ṣeé ṣe kí irú àpótí bẹ́ẹ̀ wà nílé yín, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́. Bí ẹ bá lọ sílé fún ìsinmi, ẹ ṣí i. Ẹ kọ orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, ẹ bi àwọn àgbà léèrè ẹni tó rà á àti ìdí tó fi rà á. Bí ẹ bá pinnu láti tà á, kò burú. Ẹ kàn mọ ohun tí ẹ ń tà. Bí ẹ bá sì rí i lójú ọjà gbàǹjo tí ẹ fẹ́ rà á padà, kí ẹ tó dá iye kankan, ẹ kọ́kọ́ pe àbúrò yín.