Ẹyin Kan Náà Ni

Jíjẹ ni Yorùbá ń jẹ oyè, jíjẹ náà ni a ń jẹ ọba. Bí a ti ń pe ti iyán ni a ń pe ti adé. N kò mọ ẹ̀dá tí àpèjúwe yìí bá mu tó kòkòrò oyin.

Nínú igbó àti oko tó yí Ìloro-Èkìtì, Ìjerò àti Àrámọ̀kọ ká, ihò igi ni oyin sábà máa ń fi ṣe ilé. Ìyá kan ṣoṣo ló wà nínú ilé bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní ọba oyin, ṣùgbọ́n kì í pàṣẹ; ẹyin ló ń yé. Ó lè lo ọdún 2 tàbí 3 láyé, nígbà tí òṣìṣẹ́ tó ń jáde lọ wá oúnjẹ kì í sábà lò ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ. Ẹni tó bá rí ìyàtọ̀ yìí lè rò pé ẹyin ọ̀tọ̀ ni a fi dá ìyá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irú ẹyin kan náà ni àwọn méjèèjì ti jáde.

Oúnjẹ ló yà wọ́n. Láti orí àwọn òṣìṣẹ́ tí kò tíì dàgbà tó ẹni tí í jáde nílé ni omi funfun kan ti ń sun, tó ki, tó sì kan lẹ́nu. Gbogbo ìdin ni wọ́n ń fún ní omi yìí fún nǹkan bí ọjọ́ 3 àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á já ọ̀pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á máa fi oyin àti lẹ́búlẹ́bú òdòdó bọ́ wọn. Èyí tí a kò já, tí a tẹ́ yàrá ńlá fún, òun ni yóò di ìyá. Bí ìyá bá sì kú lójijì, ìdin kékeré tí ì bá di òṣìṣẹ́ ni wọn yóò mú, tí wọn yóò bọ́ dé ipò. Ìwádìí kan tó jáde ní Ọsirélíà ní ọdún 2008 tọ́ka sí i pé oúnjẹ yìí kò fi ohun tuntun sínú àbùdá ìdin; ó ń pinnu èyí tí yóò jí nínú ohun tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ǹjẹ́ èyí wá sọ orí di asán bí? Rárá o. Orí ni ẹyin. Ṣùgbọ́n ẹyin nìkan kò tó. Àwa ará Èkìtì, tí a ń fi àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa yangàn, ló yẹ kí a kọ́kọ́ gbọ́ èyí. Ní ọ̀pọ̀ ilé, owó kòkó kò tó ju ọmọ kan lọ. Ẹnì kan lọ sí ilé ìwé, àwọn yòókù di àdá mú. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìdin tọ́ omi funfun náà wò. Nígbà tó di ilé ìwé girama, owó tún já ọ̀pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé bí gbogbo oyin bá di ìyá, ebi ni yóò pa ilé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ kì í ṣe omi tí í tán bí a bá pín in. Àti pé ìyá oyin ń san gbèsè tirẹ̀ lójoojúmọ́. Gbogbo ọmọ ilé ni ó ń yé. Ẹni tí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ roko bọ́, tó wá dé ipò tán tó ní orí òun nìkan ló gbé òun débẹ̀, kí ni ó ń yé fún ilé? Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.