Ọ̀pá Ni Kí O Pààrọ̀, Má Pààrọ̀ Ìwọ̀n

Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọ̀pọ̀ nǹkan láyé ló ní àrọ́pò, àmọ́ àrọ́pò náà ní òfin tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òfin yẹn, kí ó gbọ́ ìtàn ilé iṣẹ́ kan tó kọ́ aráyé bí a ṣe ń pààrọ̀ ọ̀pá ìbọn, tó sì wọko gbèsè lẹ́yìn ọdún 27.

Ìpínlẹ̀ Massachusetts lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Daniel Baird Wesson jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá ilé iṣẹ́ ìbọn Smith & Wesson sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọmọ-ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Daniel B. Wesson, ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1965, ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń jẹ́ Bangor Punta ra Smith & Wesson.  Nígbà tó di 1968, Wesson kejì yìí ti dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Monson, ó pè é ní Dan Wesson Arms.

Orúkọ bàbá ńlá rẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kì í ta ọjà. Ó ní láti gbé nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí sórí àtẹ. Karl Lewis, ọ̀gbẹ́ni kan tó mòye iṣẹ́ ìbọn, ló gbé nǹkan náà kalẹ̀ fún un.

Revolver ni ìbọn ìléwọ́ tí ilé ọta rẹ̀ rí roboto, tó sì ń yí po bí a ti ń yìn ín. Lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ìbọn tó kù, ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti máa ń de ọ̀pá mọ́ ara ìbọn pinpin. Ẹni tó fẹ́ ọ̀pá kúkúrú láti gbé kiri, tó tún fẹ́ gígùn láti fi yìnbọn sí àmì lókèèrè, ìbọn méjì ni yóò fowó rà. Lewis tú okùn yẹn. Ọ̀pá tirẹ̀ jẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní tíréèdì ní ìdí, tó sì ní tíréèdì lẹ́nu. A ó yí ìdí rẹ̀ wọ ara ìbọn, a ó gbé àkọ̀ irin wọ̀ ọ́, a ó wá fi nọ́ọ̀tì kékeré dè é lẹ́nu. Bí nọ́ọ̀tì náà bá ti fún, yóò fa ọ̀pá le láti ìdí dé ẹnu bí ìgbà tí ọ̀ṣán bá fa awọ gángan. Ọ̀pá tó le báyìí kì í gbọ̀n púpọ̀, ọta rẹ̀ a sì máa débi tí wọ́n rán an.

Wọ́n ń tà á nínú àpótí: ìbọn kan, ọ̀pá mẹ́rin tó gùn ní íńṣì 2½, 4, 6 àti 8, sípánà kékeré àti irin ìwọ̀n. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe ọ̀pá tó gùn tó íńṣì 15. Ọdún 1968 yẹn náà ni Amẹ́ríkà ṣe òfin ìbọn tuntun. Lójú òfin ọ̀hún, ara ìbọn, níbi tí nọ́ńbà rẹ̀ wà, ni ìbọn. Ọ̀pá lásán kò jẹ́ nǹkan kan. Ẹni tó ní ọ̀pá mẹ́rin nínú àpótí, ìbọn kan ṣoṣo ló ní. Ẹ ò rí i pé ọjà náà bọ́ sásìkò.

Eré ìdárayá kan tó wá láti Mẹ́síkò ló tún gbé e ga. Wọ́n á gé irin bí ẹranko, wọ́n á tò wọ́n sórí pápá: àdìẹ ní mítà 50, ẹlẹ́dẹ̀ ní 100, tòlótòló ní 150, àgbò ní 200. Kí ọta kan irin náà kò tó, àfi kí irin ṣubú. Fún irú eré yìí, ọ̀pá gígùn tó dúró gbọin-in ni ọ̀gá. Láàárín àwọn ọdún 1970 sí 1980, ọ̀pọ̀ eléré ló ń wá Dan Wesson, ilé iṣẹ́ náà sì ṣe àwọn tó tóbi sí i fún wọn, títí kan èyí tó ń jẹ ọta .44 Magnum.

Nínú gbogbo ẹrù inú àpótí yẹn, irin ìwọ̀n ló kéré jù, òun náà sì ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́. Láàárín ilé ọta àti ìdí ọ̀pá, àlàfo gbọ́dọ̀ wà. Bí kò bá sí, ilé ọta kò ní ráyè yí. Bó bá pọ̀ jù, iná ẹ̀tù yóò máa tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, agbára ọta yóò sì dínkù. Ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ là sílẹ̀ ni ìdá mẹ́fà nínú ẹgbẹ̀rún íńṣì kan, nǹkan bíi mìlímítà 0.15. Irin pẹlẹbẹ náà, irú èyí tí mẹkáníìkì fi ń wọn ẹnu pílọ́ọ̀gì, ni ẹni tó ń pààrọ̀ ọ̀pá yóò kì bọ àlàfo. Yóò yí ọ̀pá wọlé títí yóò fi kan irin náà fẹ́rẹ́, ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó fún nọ́ọ̀tì.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Bí àpótí ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, irin kékeré náà ló máa ń kọ́kọ́ sọnù. Ẹni tó ra ìbọn náà lówó gọbọi yóò wá ní ojú òun tó ó wọ̀n. Kò pẹ́ tí ilé ọta yóò fi máa họ ìdí ọ̀pá, tí yóò sì há nígbà tí ìbọn bá gbóná tí ìdọ̀tí ẹ̀tù sì dì síbẹ̀. Ẹni tó bá fi àlàfo sílẹ̀ gbayawu, iná tó ń tú níbẹ̀ lè ṣá ìka tó bá wà nítòsí bí ọ̀bẹ. Àwọn mìíràn tún rò pé ohun gbogbo ló ṣeé pààrọ̀. Gígùn ọ̀pá ló ṣeé pààrọ̀. Ìwọ̀n ọta kò ṣeé pààrọ̀. Ọ̀pá tí wọ́n ṣe fún ọta .22 kò gbọ́dọ̀ dé ara ìbọn .357 láé. Ẹni tó bá dán an wò ń fi ẹ̀mí ṣeré.

Ohun tó bá àwọn oníbàárà yìí bá ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Daniel Wesson kú ní 1978, nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Iṣẹ́ ń bá a lọ, ṣùgbọ́n ayé ń yí. Láàárín àwọn ọdún 1980, àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í pa revolver tì. Ìbọn ìléwọ́ tí ọta rẹ̀ wà nínú ìdìmú, tó ń gbà ju mẹ́fà lọ dáadáa, ni wọ́n ń béèrè. Ilé tó ń kọ́ ènìyàn ní àtipààrọ̀ kò pààrọ̀ ọjà tirẹ̀: revolver ló ń ṣe, revolver ló ń tà. Wọ́n kó kúrò ní Monson lọ sí Palmer, àwọn olùkójọ ìbọn sì sọ pé iṣẹ́ Palmer kò gún bíi ti Monson. Títí di òní, ìbéèrè tí ẹni tó mọ̀ ọ́n máa ń bi olùtajà ni pé, "Monson ni àbí Palmer?" Ọjà kò yí nígbà tó yẹ kó yí, ìwọ̀n iṣẹ́ sì yẹ̀ nígbà tó yẹ kó dúró. Ní 1995, gbèsè gbé ilé náà mì.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Bob Serva rà á, ó kó o lọ sí Norwich ní ìpínlẹ̀ New York, ó sì ra ẹ̀rọ tuntun sí i. Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ Dan Wesson ṣe ìbọn tó ń jẹ́ 1911, èyí tí kì í ṣe revolver rárá. CZ-USA gba ilé iṣẹ́ náà ní 2005. Ìbọn 1911 ló gbé orúkọ náà ró lónìí.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn olùkójọ tó wà níbi tí òfin gbà wọ́n láyè. Kí o tó sanwó, ṣí àpótí, wá irin ìwọ̀n kí o tó ka ọ̀pá. Rí i dájú pé ọta kò sí nínú ìbọn kí sípánà tó kàn án. Ẹ̀yin tó wà ní Nàìjíríà, ẹ má ṣe dán an wò: òfin ìbọn ti 1959 ka revolver mọ́ àwọn ìbọn tí ó léèwọ̀, àfi ẹni tí Ààrẹ bá fún ní ìwé àṣẹ.

Ẹ̀kọ́ kejì jẹ́ ti gbogbo wa tó ń ṣòwò. Àwọn tó ń fi taipúráítà tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù mọ bí ọjà ṣe ń kú mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá oníbàárà tó bá onígàárì tó tẹ ìdí kóńgò wọnú mọ bí ìwọ̀n tó yẹ̀ ṣe ń lé ènìyàn lọ. Ilé Wesson ṣe àṣìṣe méjèèjì pọ̀, orúkọ ńlá kò sì gbà á. Bí ọjà bá yí, yí pẹ̀lú rẹ̀ kíákíá. Ìwọ̀n rẹ ni kí o má fọwọ́ kàn.