Omi Ló Ni Ihò Yẹn

Ọmọ ìlú bọ́dà ni àwọn ọmọkùnrin méjìlá yẹn. Mae Sai ni ìlú wọn, ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Tháílàǹdì. Téèyàn bá ti sọdá afárá níbẹ̀, ó ti dé Myanmar. Ẹni tó dàgbà sí Ìlaròó, Ìmẹ̀kọ tàbí Ìdí-Ìrókò ní ilẹ̀ Yewa tiwa kò nílò àlàyé púpọ̀ nípa irú ìlú bẹ́ẹ̀: ẹbí kan náà á wà níhìn-ín, á tún wà lọ́hùn-ún, wọn á jọ máa ná ọjà kan, ọmọ mìíràn á sì wà tí kò ní ìwé orílẹ̀-èdè kankan lọ́wọ́. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ náà kò ní in, Ekkapol Chanthawong, igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, kò sì ní in. Bọ́ọ̀lù ló pa wọ́n pọ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ Igbó ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn. Èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 11, àgbà wọn jẹ́ ọmọ ọdún 16, Ekkapol fúnra rẹ̀ kò ju ọdún 25 lọ.

Ní Sátidé, ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 2018, lẹ́yìn ìdánrawò, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ẹsẹ̀ òkè Doi Nang Non, níbi tí ihò àpáta tí wọ́n ń pè ní Tham Luang wà. Ihò náà gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 10. Àwọn kan nínú wọn ti wọ̀ ọ́ rí, wọ́n sì ti jáde láyọ̀. Wákàtí kan ni wọ́n ní lọ́kàn láti lò. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì, wọ́n wọlé. Pátákó kan wà níbẹ̀ tó ń kìlọ̀ pé omi máa ń kún inú ihò náà láti oṣù Keje títí di oṣù Kọkànlá. Oṣù Kẹfà ni wọ́n wọ̀ ọ́. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ kan kí oṣù Keje dé.

Òjò kì í wo kàlẹ́ńdà kó tó rọ̀. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwa tí à ń ka ìtàn yìí dúró sí díẹ̀, nítorí ohun tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ihò àpáta, ọ̀rọ̀ omi ni. Òkúta tí irú ihò bẹ́ẹ̀ máa ń wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń wà jáde nílẹ̀ ní Ìbèṣè láti fi ṣe sìmẹ́ńtì ni. Ó le lójú, ṣùgbọ́n omi òjò ń jẹ ẹ́. Bí omi náà ti ń gba òfuurufú àti inú ilẹ̀ kọjá, afẹ́fẹ́ kan máa ń wọ inú rẹ̀ tó ń mú un kan díẹ̀, ohun tó sì kan náà ló ń yọ́ òkúta. Lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ojú sísán tíńtín á di ọ̀nà, ọ̀nà á di ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àgbàlagbà lè nàró rìn nínú rẹ̀. Ta ló wá ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà? Omi tó gbẹ́ ẹ ni. Ẹni tó wọ̀ ọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gọ́tà tó gbẹ ló wọ̀. Bí òjò bá wá rọ̀ sórí òkè tó jìnnà, inú òkè lomi máa gbà wá, ẹnu ihò ṣì lè gbẹ táútáú lákòókò yẹn. Ẹni tó wà nínú lọ́hùn-ún kò gbọ́ kíkù òjò, kò rí i kí ojú ọjọ́ ṣú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí fún wọn. Nígbà tí wọ́n máa fi yí padà, ibi tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn kọjá ti kún. Ekkapol so okùn mọ́ra, ó rì wọ inú omi láti wá ọ̀nà, ó ní kí àwọn ọmọ fa òun padà bí òun bá fa okùn. Kò rí ọ̀nà. Omi ń lé wọn, àwọn náà ń sún wọ inú lọ, títí wọ́n fi dé orí gegele kan tó ga díẹ̀, ó tó kìlómítà mẹ́rin sí ẹnu ọ̀nà.

Ohun tó kọ́kọ́ gbà wọ́n là kò ṣẹlẹ̀ nínú ihò rárá. Ní nǹkan bí aago méje alẹ́, Nopparat Kanthawong, akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà, wo fóònù rẹ̀, ó rí i pé àwọn òbí ti pe òun léraléra. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í pe kiri, títí tó fi kan ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ti lọ sílé tààrà lẹ́yìn ìdánrawò. Ọmọ yẹn ló sọ pé ihò ni àwọn yòókù lọ. Nopparat sáré débẹ̀, ó bá kẹ̀kẹ́ àti báàgì, kò bá èèyàn. Bí ọmọ kan ṣoṣo yẹn bá tẹ̀ lé wọn wọlé ńkọ́? Ta ni ì bá mọ ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn? Ọdẹ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ kì í jáde lóru láìjẹ́ kí ẹnìkan nílé mọ igbó tó forí lé. Àwọn ọmọ wa tó ń rìnrìn àjò lónìí máa ń gbé àwòrán sórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí wọ́n bá dé. Kí wọ́n tó lọ ni kí wọ́n sọ ọ́: ibi tí mò ń lọ rèé, àwọn tá a jọ ń lọ rèé, aago báyìí ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá mi bí ẹ kò bá gbóhùn mi.

Ọjọ́ kejì oṣù Keje ni wọ́n tó rí wọn. Richard Stanton àti John Volanthen, òmùwẹ̀ méjì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n mọ ihò wọ̀ dáadáa, ni wọ́n yọrí jáde nínú omi, tí iná wọn tàn sára àwọn ọmọ lórí gegele. Adul Sam-on, ọmọ ọdún 14, ọ̀kan nínú àwọn tí kò ní ìwé, ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, òun ló dá wọn lóhùn. Oúnjẹ kò kan ẹnu wọn látìgbà tí wọ́n wọlé. Omi tó ń kán láti ara àpáta ni wọ́n ń mu, wọn kò fẹnu kan omi ẹlẹ́rẹ̀ tó yí wọn ká. Ekkapol, tó ti gbé ní tẹ́ńpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Búdà rí, kọ́ wọn láti jókòó jẹ́ẹ́, kí wọ́n má fi ariwo àti ẹkún tán agbára wọn. Mo mọ̀ pé òun ló kó wọn wọlé. Mo sì gbà pé òun ló jẹ́ kí wọ́n wà láàyè, àwọn òbí wọn náà kò sì dá a lẹ́bi: wọ́n kọ lẹ́tà sí i nínú ihò pé kó má dára rẹ̀ lẹ́bi.

Rírí tí wọ́n rí wọn kò tíì yanjú ọ̀rọ̀. Afẹ́fẹ́ ń tán lọ. Níta gbangba, ọ́síjìn jẹ́ nǹkan bíi 21 nínú 100. Níbi tí àwọn ọmọ wà, ó ti já sí 15. Àwọn òmùwẹ̀ wá ń ru àgbá afẹ́fẹ́ wọlé, wọ́n ń tò ó sójú ọ̀nà. Saman Kunan wà lára wọn. Ẹni ọdún 37 ni, ó ti ṣe ọmọ ogun ojú omi rí, ó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú. Kò sí ẹni tó fipá mú un wá. Ní òru tó mọ́ ọjọ́ kẹfà oṣù Keje, ó ti gbé àgbá débi tó yẹ, ó ń padà bọ̀, ló bá dákú nínú omi. Ẹnì kejì rẹ̀ fà á jáde, wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe, kò jí. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mìíràn, Beirut Pakbara, kó àrùn wọnú ẹ̀jẹ̀ lásìkò iṣẹ́ náà, ó sì kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2019. Ihò tí àwọn ọmọdé wọ̀ fún wákàtí kan, ẹ̀mí àgbàlagbà méjì ló bá a lọ.

Láti ọjọ́ kẹjọ sí ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje, wọ́n kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá jáde: mẹ́rin, mẹ́rin, márùn-ún. Dókítà Richard Harris láti Ọsirélíà ló fún wọn ní oògùn tó mú wọn sùn lọ fọnfọn, torí ọmọ lè ta gìrì lábẹ́ omi, kó pa ara rẹ̀, kó pa ẹni tó gbé e. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn ló lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ náà. Omi tí ẹ̀rọ ń fà jáde nínú ihò bo oko ìrẹsì àwọn àgbẹ̀ tó wà nítòsí, àwọn kan nínú wọn sì ní àwọn kò gba owó gbà-má-bínú.

Ilẹ̀ Yewa kò ní irú òkè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ń rìn. Wọ́n ń lọ sí Olúmọ ní Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá forí pamọ́ sí ní nǹkan bí ọdún 1830, tí kòtò tí wọ́n ń lọ ata àti ọkà nínú rẹ̀ ṣì wà lórí àpáta títí di òní. Wọ́n ń gba Ìdí-Ìrókò kọjá lọ sí Bohicon lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lọ wo ilé abẹ́ ilẹ̀ Agongointo tó hàn síta ní 1998 nígbà tí wọ́n ń ṣe títì. Àwọn mìíràn ń bá a lọ títí dé àríwá Tógò, sí àwọn ihò Nok lára òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, níbi tí àwọn Moba ń sá sí nígbà ogun akónilẹ́rú. Kí wọ́n lọ. Ẹsẹ̀ tó rìn ló ń mọ̀nà, inú mi sì ń dùn sí ọmọ tó fẹ́ mọ ìtàn. Ṣùgbọ́n ogun ló lé àwọn baba yẹn wọ ihò, wọ́n sì mọ ibi tí omi ń gbà, wọ́n mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Àlejò kò mọ̀ ọ́n. Bí afinimọ̀nà bá ní kí a má kọjá ibì kan, kó má sí ẹni tó máa yọ́ kẹ́lẹ́ kọjá nítorí àwòrán.

Ihò tó sún mọ́ wa jù wà lẹ́yìnkùlé. Mò ń sọ nípa kànga, èyí tó máa ń jìn gan-an ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa, àti kòtò tí wọ́n ti kó yẹ̀pẹ̀ pupa rẹ̀ tán tí òjò ti sọ di adágún. A máa ń gbọ́ ọ lóòrèkóòrè: ẹnìkan wọ kànga láti yọ korobá tó já sínú rẹ̀, wọ́n pè é, kò dáhùn. Àbúrò rẹ̀ wọlé láti gbé e, òun náà kò dáhùn. Ẹnì kẹta ti ń ká ṣòkòtò. Afẹ́fẹ́ burúkú ló wà nísàlẹ̀, ó wúwo ju èyí tí à ń mí lọ, kò sì ní òórùn. Èyí tó tún burú jù ni èéfín ẹ̀rọ tí àwọn kan ń gbé sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga láti fa omi. Àwọn agbẹ́kànga àtijọ́ máa ń sọ àtùpà sọ̀ kalẹ̀ ná, bí iná bá kú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé. Ó dára, ṣùgbọ́n kò tó, torí iná lè máa jó nínú èéfín ẹ̀rọ tó ń pa èèyàn.

Kí ẹni tó bá máa wọ kànga so okùn mọ́ra kó tó gbẹ́sẹ̀, kí àwọn alágbára dúró sókè di okùn náà mú, kí wọ́n máa bá a sọ̀rọ̀ láìdákẹ́. Ìṣẹ́jú tí kò bá dáhùn ni kí wọ́n fà á. Bí kò bá sí okùn lára rẹ̀, kí wọ́n di ìyá rẹ̀ mú, kí wọ́n di àbúrò rẹ̀ mú, kí ẹnikẹ́ni má bọ́ sínú kànga náà, kí wọ́n sì pe 112 kí àwọn panápaná wá pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tiwọn lẹ́yìn.