Gbèsè Ẹni Tí Ó Lọ Sí Àjò

Bí ènìyàn bá lọ sí àjò, tí ó ń fi owó ránṣẹ́ sílé, ǹjẹ́ ó ti san gbèsè tí ó jẹ ilé? Àwa Yorùbá a máa yára dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. A ó tọ́ka sí ilé tí ó kọ́, a ó ní ọmọ tí ó mọ ilé ni. Èmi kò yára bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí mo ti ka ìtàn àwọn ará Taishan àti Kaiping ní ìpínlẹ̀ Guangdong, ní gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí èdè wọn ti jẹ́ ẹbí èdè Cantonese.

Lẹ́yìn tí wọ́n rí wúrà ní California ní 1848, agbègbè yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Ṣáínà tí ó lọ sí Amẹ́ríkà ti jáde. Òkè Wúrà ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni a fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé gogoro Kaiping. Fèrèsé wọn kéré, irin ni ìlẹ̀kùn wọn, ihò ìbọn sì wà lára ògiri, nítorí pé àwọn ọlọ́ṣà mọ ilé tí owó òkè òkun ń wọ̀. Ó lé ní 1,800 tí ó ṣì dúró.

Ta ni ó wá ń gbé inú ilé náà? Òfin Amẹ́ríkà ti 1882 tilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ará Ṣáínà. Ìyàwó òṣìṣẹ́ kò sì lè tẹ̀lé ọkọ rẹ̀. Ní 1888, òfin mìíràn sọ nǹkan bí 20,000 ìwé ìpadàwọlé di òfo, tí ẹni tí ó wá kí ará ilé kò fi rí ọ̀nà padà síbi iṣẹ́. 1943 ni wọ́n tó pa òfin 1882 rẹ́. Àwọn ìyàwó kan tilẹ̀ wà tí ó jẹ́ pé àkùkọ ni wọ́n fi dípò ọkọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. (Ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí ó ro ti ìyàwó náà wò lálẹ́ ọjọ́ yẹn.)

Ẹnìkan lè ní òfin ni ó jẹ̀bi. Òfin náà burú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdílé tí ó fi ọmọbìnrin fún ẹni tí kò sí nílé, òfin Amẹ́ríkà kọ́ ni ó rán wọn ní iṣẹ́ yẹn. Owó ni wọ́n ń wò. Ìyàwó yìí ni ó ń tọ́jú ìyá ọkọ, òun ni ó ń ṣọ́ ilé. Síbẹ̀, ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́ ni gbogbo ayé ń yìn. Lójú tèmi, obìnrin náà lọ sí àjò, bí kò tilẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ jẹ ilé ní gbèsè owó, ó sì san án. Ó jẹ ìyàwó ní gbèsè pé kí ó wà níbẹ̀, èyí kò sì ṣeé fi sínú àpò lẹ́tà.

Mo rò pé àwọn ọkọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn kò fẹ́ kí egungun wọn sùn sí àjò. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àwọn ará ìlú wọn a hú egungun, wọn a nù ún, wọn a fi ọkọ̀ gbé e lọ sí Hong Kong, níbi tí ilé ìwòsàn Tung Wah ti ń ṣètò bí yóò ṣe dé abúlé. Ní Xinhui, nítòsí Taishan, ibi ìsìnkú kan wà fún egungun àwọn tí ẹnikẹ́ni kò wá gbà. Wọ́n dé ìtòsí ilé. Ẹni tí yóò mú wọn dé ẹnu ọ̀nà ni kò sí.