Ìròyìn Tí Ó Pẹ́ àti Ìròyìn Tí Kì Í Ṣe Òótọ́



Àwọn kan wà láàrin wa nínú ìjọ yìí tí iṣẹ́ òòjọ́ wọn jẹ́ ìròyìn kíkó. Bí ọkọ̀ bá dojú dé lórí afárá, bí ilé bá wó ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bí iná bá sọ ní ọjà, àwọn ni olóòtú ń rán síta, kí ti ilé iṣẹ́ mìíràn tó dé ibẹ̀. Ìròyìn yàjóyàjó ni a ń pe ohun tí wọ́n ń mú bọ̀, nítorí pé ní gbígbóná ni a ń fẹ́ ẹ, bí àkàrà. Ìbéèrè kan ni irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń bá jí lójoojúmọ́, òun náà ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò: èwo ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wúwo jù, kí ìròyìn pẹ́ ni, tàbí kí ó má jẹ́ òótọ́?

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì ní àdúgbò wa. Ní ọdún 1863 ni Robert Campbell bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Anglo-African ní Èkó. Ní ọdún 1926 ni Daily Times kọ́kọ́ jáde, òpópónà Kakawa, nítòsí Marina níhìn-ín, ni ó sì fi ṣe ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láyé ìgbà náà, òru kan wà láàrin etí akọ̀ròyìn àti ojú òǹkàwé. Òru náà ni olóòtú fi ń béèrè pé, “Ta ló sọ fún ọ?” Lónìí, òru náà ti lọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó kù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbè lẹ́yìn ẹni tí ń sáré. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, ilé ìkó-ohun-ìjà àwọn sójà ní Ìkẹjà bú gbàmù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ ohun tí ń dún. Àwọn kan rò pé ogun ni ó dé. Wọ́n sá lọ nínú òkùnkùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bá omi lọ ní Òkè-Afá. Àwọn tí ó kú lé ní 1,000. Bí ohùn kan tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé bá ti tètè dé etí wọn, ta ni ó mọ iye ìyá tí ì bá padà rí ọmọ rẹ̀? Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí ewu tí ó sì dákẹ́, ó jẹ aládùúgbò rẹ̀ ní gbèsè.

Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1989, ìròyìn gba Nàìjíríà kan pé Nnamdi Azikiwe ti kú. Ọkùnrin náà, tí òun fúnra rẹ̀ dá West African Pilot sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1937, wà láàyè. Ọdún 1996 ni ó tó kú. Òru wà nígbà náà o, ṣùgbọ́n a kò lò ó láti béèrè.

Àwọn baba wa mọ ìdí tí wọn kò fi jẹ́ kí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí òkú máa ké e ká ìgboro. Ẹbí ni ó ń túfọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ti ọba ni, gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹnu ni a fi ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìga Ìdúngánran. Nínú Ìwé Mímọ́ pẹ̀lú, Áhímáásì sáré ju ará Kúṣì lọ láti ojú ogun. Òun ni ó kọ́kọ́ dé iwájú Dáfídì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọba béèrè ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀, ariwo ni ó ní òun rí, òun kò mọ ohun tí ó jẹ́. Ọba ní kí ó yà sí apá kan. Ẹni tí ó pẹ́ dé ni ó jẹ́ iṣẹ́ náà.

Lójú tèmi, ìròyìn kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Èyí tí ó jẹ́ ìkìlọ̀, kí a sáré sọ ọ́, kí a sọ ìwọ̀n tí ojú wa rí, kí a sì fi kún un pé, “A kò tí ì mọ ìyókù.” Èyí tí ó kan ikú ènìyàn tàbí ẹ̀sùn, kí a dúró. Ẹ fi irú iná tí ó jó ní ọjà Balógun ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 2019 ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí ó bá kígbe pé iná ń jó, kí ọkọ̀ má gba ọ̀nà ibẹ̀, iṣẹ́ ìfẹ́ ni ó ṣe. Ẹni tí ó bá dárúkọ ẹni tí ó fà á kí èéfín tó rọlẹ̀, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni, òfin kẹjọ sì dá a lẹ́bi.

Ẹlòmíràn yóò ní, “Bí mo bá ṣì í sọ, èmi yóò tún un ṣe lọ́la.” Ẹni tí ó jí ewúrẹ́ mọ ilé tí yóò dá a padà sí. Ẹni tí ó ba orúkọ jẹ́ kò mọ iye ilé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀, àwọn tí ó gbọ́ ti àkọ́kọ́ kọ́ ni ó sì máa ń gbọ́ ti ìkejì.

Mo mọ̀ pé oúnjẹ òòjọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Olóòtú ń pè lórí fóònù pé ilé iṣẹ́ kejì ti gbé e jáde. Ẹni tí owó ilé ìwé ọmọ wà lọ́rùn rẹ̀, kò rọrùn fún un láti dáhùn pé, “N kò tí ì rí ẹbí òkú.” Bí a bá bá a wí nítorí èyí, kò jẹ̀bi lójú Ọlọ́run, olóòtú tí ó ń tì í ni ẹrù náà wúwo fún jù.

Kí àwa yòókù má sì rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn wá. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Ta ni ń rà á? Kí a tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, a ti fi ìròyìn tí a kò kà tán ránṣẹ́ sí ogún ènìyàn. Bí ìròyìn ikú tàbí ẹ̀sùn ẹnìkan bá dé ọwọ́ rẹ nínú ọ̀sẹ̀ yìí, béèrè ìbéèrè olóòtú àtijọ́ nì kí o tó fi í ránṣẹ́: ta ló sọ fún ọ?

Francis de Sales Mímọ́, tí Póòpù Pius Kọkànlá fi ṣe alábòójútó àwọn oníròyìn ní ọdún 1923, kí ó máa gbàdúrà fún wọn, àti fún àwa tí ń kà wọ́n. Àmín.