Fi Tọmọ Jẹ́ Ẹ

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn kan máa ń ka òwe yìí sí àṣẹ pé kí èèyàn fi ọ̀rọ̀ dídùn bo òótọ́ mọ́lẹ̀. Èyí burú. Ta ló lẹ́nu láti sọ fún baba pé òrùlé ń jò? Ọmọ inú ilé ni. Ìbẹ̀rù ló ń pa ẹrú lẹ́nu mọ́. Ẹ wo ẹnì kan tó jẹ́ iṣẹ́ bí ọmọ.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 2004, Ọ̀gágun James Helmly kọ ìwé ojú ewé mẹ́jọ sí Ọ̀gágun Peter Schoomaker, olórí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Helmly ló ń darí Army Reserve nígbà náà. Nǹkan bí 200,000 èèyàn ló wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun yìí: olùkọ́, nọ́ọ̀sì, awakọ̀, mẹkáníìkì, tí wọ́n ń fi òpin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù àti ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún kọ́ṣẹ́ ogun, tí ìjọba sì ń ké sí nígbà tí ọ̀ràn bá le. Ogun Iraq àti ti Afghanistan ti gbá wọn lọ kúrò nídìí iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Helmly kọ ọ́ gbangba pé ẹgbẹ́ náà ti fẹ́ fọ́, àti pé kíákíá ló ń bàjẹ́ lọ.

Kò sí ológun tó ń fi ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ọdún 1966 ni Helmly wọṣẹ́ ogun. Ó jà ní Vietnam lábẹ́ 101st Airborne Division, ó sì rí bí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ṣe bàjẹ́ nígbà tí ogun yẹn parí.

Ó dárúkọ ohun tó ń ba nǹkan jẹ́: àwọn òfin àtijọ́ tí kò bá ogun gígùn mu, àti ìpè òjijì tó ń fún èèyàn ní ọjọ́ díẹ̀ péré láti dágbére fún ìyàwó, ọmọ àti ọ̀gá ibi iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó ló wọ̀ mí lára jù níbẹ̀. Àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n máa fi $1,000 kún owó oṣù ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti padà sẹ́nu iṣẹ́ ogun. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, bẹ́ẹ̀ owó kò lè tún òfin tó ti gbó ṣe. Helmly tún wò ó jìnnà: ó bẹ̀rù kí ọmọ orílẹ̀-èdè tó fínnúfíndọ̀ wọṣẹ́ ogun má di jagunjagun alágbàṣe.

Ọ̀gá rẹ̀ nìkan ló kọ ìwé náà sí. Àmọ́ ní oṣù Kìíní 2005, ìwé ìròyìn Baltimore Sun gbé e jáde, aráyé sì kà á.

Helmly kò kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń darí àwọn èèyàn náà títí di ọdún 2006, nígbà tí Jack Stultz gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà sì kọjá sí Pakistan láti lọ ṣojú àwọn ológun Amẹ́ríkà níbẹ̀.